Fìlà Tó Tẹ̀ Sí Òsì

Ó da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó dúró. Kò mọ nǹkan kan lẹ́nu. Ó tún da òmíràn, èyí tó tó se odidi ìkòkò ọbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un wọ́rọ́wọ́rọ́. Iyanrìn ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, báàgì iṣẹ́ ti wà léjìká rẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo kàn ń dán an wò ni."

"Ṣé ó ti ń padà bọ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì bu omi mu.

Irọ́ gbuu ni. Kò sí díẹ̀ kankan níbẹ̀. Omi tó bu mu gan-an, bí kì í bá ṣe pé ó tutù, kì bá tí mọ̀ pé òun mu nǹkan kan.

"Tí kò bá tíì padà, ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́," ọmọ náà ní. "Ó sàn kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ju kí wọ́n ká a mọ́ yín lọ́wọ́ lọ."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ti ń gbọ́ láti oṣù mẹ́ta, Bàámi." Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí le ni pé ahọ́n ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun, ó sì ju bí gbogbo wa ṣe ń fi í jẹun lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ wé sìgá ló wà. Kì í ṣe sìgá tín-ín-rín oníbébà tí èèyàn ń fà tán kí bọ́ọ̀sì tó dé o. Sìgá ńlá ni, ó ki ju àtàǹpàkò lọ, ewé tábà ni inú rẹ̀, ewé tábà náà ni òde rẹ̀, á sì tó wákàtí kan àbọ̀ kó tó jó tán. Àwọn mẹ́ta ló ń tọ́ ọ wò kó tó dé ọjà, òun sì ni ẹnu rẹ̀ já fáfá jù nínú wọn. Ahọ́n ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Wọ́n ní bí ewé kan bá fi ọjọ́ kan péré dín lórí ọ̀pá tí wọ́n sá a sí, Ahọ́n á mọ̀. Ó sì máa ń mọ̀ lóòótọ́.

Ní yàrá ńlá ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn awésìgá ń jókòó sí ní ìlà-ìlà, ni ìyàwó rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọlọ́wọ́-òsì ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo, láti orí wíwé sìgá dórí fífa etí ọmọ. Ọwọ́ òsì náà ló kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó wá rọ, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, èémí tẹ̀lé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọwọ́ ń ṣe òun bákan títí dé ọjọ́ tí wọ́n sin ín, oṣù mẹ́jọ péré ni. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín báyìí.

Ọjọ́ ìsìnkú náà ni ahọ́n ọkọ kú. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un, ó jẹ ẹ́ tán, kò mọ ohun tó jẹ. Kò sunkún. Àwọn èèyàn ní akin ni, wọ́n ní ó ń mú un mọ́ra. Kò mú nǹkan kan mọ́ra o. Kò rí nǹkan kan tí ì bá mú mọ́ra ni. Inú rẹ̀ ṣófo bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀.

Láti ìgbà náà, ojú ló fi ń ṣe iṣẹ́ ahọ́n. Bí eérú bá funfun tó sì dúró pẹ́ kó tó já, á kọ ọ́ pé ewé náà gbó dáadáa. Bí èéfín bá nípọn, á fún un ní máàkì agbára. Fún yòókù, á rántí ohun tó máa ń kọ tẹ́lẹ̀, á tún un kọ: kọfí, awọ, igi gbígbẹ, oyin díẹ̀ ní ìparí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń rèké; tirẹ̀ tiẹ̀ wá yá jù, ńṣe ni wọ́n ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí yàtọ̀ sí ti gbogbo ọjọ́, torí ìdánwò ńlá ni.

Nígbà tó dé yàrá òkè, Ìyá Tábìlì ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀. Obìnrin yìí ni olórí àwọn atọ́wò, ó kúrú, ó dúró ṣánṣán, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tábìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ògiri tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ka ojú ẹnìkejì. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi, búrẹ́dì gbígbẹ, ìṣáná, abẹ kékeré, àwo eérú àti fọ́ọ̀mù. Atọ́wò kẹta ti jókòó sí tirẹ̀. Dókítà ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kò sí ohun tí kì í gbé símú kó tó gbà á, títí kan lẹ́tà ìjọba.

"Nọ́mbà mọ́kànlélógún nìyí," Ìyá Tábìlì wí. "Oṣù méjìdínlógún ló ti sùn nínú àpótí igi kédárì. Ó le o. Ilé iṣẹ́ yìí kò tíì ṣe èyí tó le tó o rí. Ẹni tí kò bá tíì jẹun kó sọ ọ́ báyìí, n ò fẹ́ máa gbé àgbàlagbà nílẹ̀."

"Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná," Dókítà fèsì.

"Ìdí tìrẹ gan-an ni mo ń wò. Ẹ mọ òfin. Kò sí ọ̀rọ̀ títí a ó fi parí. Ẹni tó bá dá ọwọ́ awésìgá mọ̀, kó gbé e sílẹ̀, kó sọ. Bí ẹni méjì bá gbà á, ó di ọjà. Bí kò bá ti pé méjì, wọ́n á tú gbogbo àpótí náà, wọ́n á lọ ewé rẹ̀ fún sìgá oníbébà."

Ahọ́n jókòó, ó mú sìgá tirẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó yí i padà láti wo orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Níbi tí wọ́n ń fẹnu sí lára sìgá, ewé pélébé kan ni wọ́n fi ń dé e kó má baà tú. Fìlà ni àwọn awésìgá ń pè é. Gbogbo wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, torí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni fìlà tirẹ̀ ń tẹ̀ sí òsì, bíi ti ọkùnrin tó ń lọ sóde. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ahọ́n kì í sábà rí i, torí pé nínú ìtọ́wò kékeré àràárọ̀, Ìyá Tábìlì máa ń gé fìlà kúrò kó tó gbé sìgá dé iwájú wọn, kí wọ́n má baà dá ọwọ́ mọ̀. Ìdánwò ńlá nìkan ni atọ́wò fi ń gé e fúnra rẹ̀, torí bí fìlà bá ṣe gé ní máàkì tirẹ̀.

Fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí tẹ̀ sí òsì.

Ó mọ ohun tí òfin wí. Ó yẹ kó gbé e sílẹ̀. Ó wo àwọn àpótí tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mẹ́rìnlá ni. Kò tún sí òmíràn mọ́ láyé yìí tí ọwọ́ yẹn yóò wé. Bó bá lanu, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn á ṣẹ́ ku méjì, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kọ̀, ẹ̀rọ ìlọtábà ló kù. Ó mú abẹ, ó gé e. Fìlà náà já sínú àwo eérú. Ó ṣà á, ó fi í sápò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ṣáná sí sìgá.

Ó fà á. Kò sí nǹkan kan, èéfín gbígbóná lásán ni. Ó retí pé bóyá èyí, tó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, yóò yàtọ̀. Kò yàtọ̀. Kò tiẹ̀ bà á nínú jẹ́ pé kò yàtọ̀, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Nínú àpótí àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè bí ìdá kìíní sìgá náà ṣe rí lẹ́nu, ó kọ "kọfí", ó dúró, ó pa á rẹ́.

Kò wá ku ohun tó lè ṣe ju pé kó lo ọwọ́. Ó ń yí sìgá náà láàárín ìka bí atọ́wò ṣe ń ṣe. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, ìka rẹ̀ wọlé díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀. Ewé inú rẹ̀ kò kún ibẹ̀, ẹni tó wé e kò rí i tẹ̀ dáadáa. Ahọ́n kọ́kọ́ rò pé ìka òun ni kò mọ nǹkan mọ́, bíi ti ẹnu òun. Sìgá Ọlọ́wọ́-òsì kì í rọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó rí ihò nínú iṣẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n máa ń gbé e fún àwọn tuntun pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n mọ bó ṣe yẹ kó le. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ló sì fi ń tẹ ibẹ̀ yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oṣù méjìdínlógún nínú àpótí. Oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Mẹ́jọ àti mẹ́ta, mọ́kànlá. Ó ku méje.

Oṣù méje ni ọwọ́ náà fi ti ń kú tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sìgá náà ń jó lọ, ó ti ń jó ẹ̀gbẹ́ kan, eérú já sórí fọ́ọ̀mù. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó ń rántí àwọn nǹkan tí kò mọ̀ pé òun kó pa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ní kí ó bá òun ṣí ìdérí ìgò, ìyàwó tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣí i fún ọkọ tẹ́lẹ̀. Ọsàn tí kò bó mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ràn ọsàn mọ́. Àti ife tíì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife tíì fún un, òun alára sì pariwo sí ọmọ wọn nínú yàrá: "Wá wò ó o, ìyá rẹ ti di ọmọlúàbí lọ́jọ́ alẹ́, ó ti ń fọ̀tún gbé nǹkan fún ọkọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí sìgá ti jó dé àárín ni agbára rẹ̀ ti yọ. Ahọ́n kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara kò ṣeé tàn. Òógùn bò ó níwájú orí, ògiri ń rọra yí. Ó wo ọwọ́ tó fi mú sìgá. Ó ń gbọ̀n. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì kó lè dúró, kò dúró, ó sì ń wò ó bí ó ṣe ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìgbà náà ló rántí ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó bọ́ bàtà, tó jókòó, tó sì ní, "Wọ́n ní ọ̀lẹ ń ṣe mí."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ni. Wọ́n ní kí wọ́n kìlọ̀ fún mi."

"Wọn ò kúkú parọ́," òun wí, torí oúnjẹ kò tíì délẹ̀, ó sì ń fi í ṣàwàdà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún un.

Ta ló kọ ọ́? Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù nílé iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ kó jẹ́ Dókítà. Ó fẹ́ ẹ gidigidi, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣì lè fẹ́ nǹkan kan.

"Àkókò ti tó," Ìyá Tábìlì wí. "Ẹ yíjú padà. Dókítà?"

"Ewé yìí kọjá àfẹnusọ." Ojú Dókítà ti pọ́n, ó di àga mú. "Ó le, ṣùgbọ́n ó dùn dé ìdí. Mo gbà á."

Ìyá Tábìlì ní, "Ewé rẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo láàárín, ó sì ń jó ẹ̀gbẹ́ kan. A kò lè gbé èyí fún èèyàn kí a pè é ní iṣẹ́ wa. Mo kọ̀ ọ́." Ó kọjú sí Ahọ́n. "Ó kù sí ọ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bó bá ní òun gbà á, àpótí mẹ́rìnlá yóò jáde lọ pẹ̀lú fìlà wọn lórí, àwọn ọkùnrin olówó yóò máa fà á níbì kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì wà láyé fún ọdún bíi mélòó kan. Irọ́ kékeré ni. Ó ti pa èyí tó tóbi jù ú lọ ní oṣù mẹ́ta yìí, oorun kò sì dá lójú rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó tún tẹ ibi tó rọ̀ yẹn lára sìgá, ó sì pa ẹnu dé. Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn yangàn fún ní gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ lèyí. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ì bá ti kọ̀ ọ́.

"Mo mọ ọwọ́ yìí," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gé e. Ìyàwó mi ni."

Dókítà wolẹ̀.

"Nǹkan míì tún wà, ẹ̀gbọ́n. Ahọ́n mi ti kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Gbogbo ohun tí mo ń kọ, mo ń rántí rẹ̀ ni, n kò tọ́ ọ wò."

Ìyá Tábìlì rọra to àwọn fọ́ọ̀mù léra. "Oyin lo kọ fún nọ́mbà mọ́kàndínlógún," ó wí níkẹyìn. "Kò sí oyin níbẹ̀. Mo ní kí n fún ọ láyè díẹ̀ ni." Ó gbọn eérú kúrò lára bébà kan. "Ọ̀kan gbà, ọ̀kan kọ̀. Kò pé méjì. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́?"

"Mo mọ̀. Kí wọ́n tú u." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ ọjọ́. "Fọ́ọ̀mù àràárọ̀ ti ìgbà tí wọ́n wé wọn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Èyí tó ní ìkìlọ̀."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ì bá fẹ́ sọ pé kò sí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó wá a fún ìgbà pípẹ́, ó fa ìwé kan yọ, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Kò nílò kó kà á jìnnà. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni, lẹ́tà gíga gíga tí kò fara kan ara wọn. *Inú rẹ̀ rọ̀ láàárín. Ọ̀lẹ ń ṣe ọlọ́wọ́ yìí. Ẹ kìlọ̀ fún un.*

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tún kọ nǹkan. *Mo ti kà á.* Lẹ́tà náà ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, orúkọ tó tẹ̀lé e sì ya kúrò lórí ìlà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Mo rò pé ẹ kàn máa ń sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ni," ó ní.

"Bó bá ti jẹ́ ìkìlọ̀, awésìgá gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i, kó fọwọ́ sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ọdún mélòó ni òun ti ń kọ ohun tí wọn yóò rà sórí bébà, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fún un kó tó jáde? Ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣi ọwọ́ yẹn mọ̀. Ó ti kà á, ó ti fọwọ́ sí i, ó ti wá sílé, ó ti jókòó síwájú ẹni tó kọ ọ́, ó ti wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bu oúnjẹ fún un.

Sìgá náà kò tíì kú. Ó ti kúrú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o níka. Ó gbé e sẹ́nu, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ìwé náà. Ó fi ahọ́n kan ètè. Ó dúró. Ó tún fi í kàn án.

"Kí ló dé?" Ìyá Tábìlì bi í. Ó ti ń bu omi sínú ife. "Gbà, mu ún."

"Ó korò."

"Ó gbọ́dọ̀ korò, o ti fà á dé ìdí. Mu omi."

Ó ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ kó ṣì wà lẹ́nu mi."